Ẹ̀gẹ́ 419 àti àgbẹ̀ tí a kò mọ orúkọ rẹ̀: Kí ìjọba tó pín irúgbìn tuntun, kó kọ́kọ́ tọ́jú ti àtijọ́

Ẹ̀gẹ́ kan wà tí orúkọ rẹ̀ lè pa ọmọ Nàìjíríà lẹ́rìn-ín. TME 419 ni wọ́n ń pè é. Gbogbo wa la sì mọ ohun tí 419 jẹ́ lẹ́nu wa: jìbìtì ni. Àmọ́ kò sí jìbìtì kankan nínú ẹ̀gẹ́ yìí. Igi rẹ̀ ga, ó dúró ṣánṣán, kì í pẹ̀ka púpọ̀, nítorí náà àgbẹ̀ lè gbin àgbàdo sáàárín rẹ̀, yóò sì rí ọ̀pá púpọ̀ gé fún ọdún tó ń bọ̀. Ó ń ta dáadáa, kò lómi nínú jù, ó sì dára fún gààrí, fùfú àti sítáàṣì. Àrùn tó máa ń ká ewé ẹ̀gẹ́ kò kì í sábà rí i gbé ṣe.

Ẹni tó bá gbọ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà yẹn lè rò pé inú láàbù ni àwọn òyìnbó ti ṣe é. Rárá o. Ilẹ̀ Togo ló ti wá. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ti ń gbìn ín lóko wọn, Gbazékouté ni wọ́n sì ń pè é, kí àwọn onímọ̀ tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Lẹ́tà tó ṣáájú nọ́ńbà náà gan-an ló ń jẹ́rìí sí i. Ẹ̀gẹ́ tí àwọn onímọ̀ ní ibùdó ìwádìí IITA ní Ìbàdàn bá fúnra wọn ṣe, TMS ni wọ́n máa ń kọ síwájú rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ àgbẹ̀, TME ni.

Nọ́ńbà wà nínú ìwé. Orúkọ orílẹ̀-èdè wà níbẹ̀. Orúkọ àgbẹ̀ tó kọ́kọ́ rí i pé ẹ̀gẹ́ yìí yàtọ̀, tó gé ọ̀pá rẹ̀ pamọ́, tó fún aládùúgbò rẹ̀, kò sí níbẹ̀. Bí jìbìtì kan bá wà nínú ọ̀rọ̀ 419 yìí, òun nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju èyí lọ: ọwọ́ àgbẹ̀ ni ọrọ̀ tí àwọn onímọ̀ irúgbìn fi ń ṣiṣẹ́ ti wá. Ọrọ̀ náà sì ń dín kù, nítorí pé bí irúgbìn tuntun ṣe ń gba iwájú wọlé ni ti àtijọ́ ń gba ẹ̀yìn jáde. Ìjọba tó ń náwó lórí pípín irúgbìn tuntun, tí kò ná kọ́bọ̀ lórí títọ́jú ti àtijọ́, dà bí àgbẹ̀ tó ń se èbù iṣu rẹ̀ jẹ. Yóò yó lónìí. Kí ni yóò gbìn lọ́dún tó ń bọ̀?

Àgbẹ̀ ni onímọ̀ irúgbìn àkọ́kọ́

Ọ̀pá là ń gé tí a fi ń gbin ẹ̀gẹ́. Ọ̀pá tí a gé lára ìyá, ìyá náà ni, kò yàtọ̀ rárá. Bí ìyá bá ń ta dáadáa, ọmọ á ta dáadáa. Bí àrùn kan bá sì lè pa ìyá, yóò pa gbogbo ọmọ, bí wọ́n tilẹ̀ kún oko mẹ́wàá.

Àmọ́ ẹ̀gẹ́ a tún máa tanná, a máa so èso. Bí èso náà bá bẹ́, tí kóró inú rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ohun tó máa hù kì í rí bí ìyá mọ́. Bíi ti ọmọ ènìyàn ni: ó mú díẹ̀ lára bàbá, ó mú díẹ̀ lára ìyá. Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀gẹ́ tó lalẹ̀ hù bẹ́ẹ̀ ni àgbẹ̀ máa ń fi ọkọ́ ro dànù. Àmọ́ nígbà mìíràn, ẹnì kan á dúró wò ó. Á ní, "Ewé èyí mà mọ́ o. Ẹ fi í sílẹ̀, ká wo ohun tó máa ta." Lọ́dún kejì, á gé ọ̀pá rẹ̀. Lọ́dún kẹta, á di ìdì kan fún àna rẹ̀. Kò pẹ́, abúlé mẹ́ta ti ń gbìn ín, wọ́n sì ti sọ ọ́ lórúkọ.

Ẹ wo orúkọ tí wọ́n ń sọ wọ́n nílẹ̀ Yorùbá. Ọ̀kan ń jẹ́ Ọkọ Ìyàwó. Òmíràn wà tí àwọn onímọ̀ kọ sínú ìwé wọn láìfi àmì kankan sí i: Isunikankiyan. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá á rò pé orúkọ lásán ni. Ẹni tó gbọ́ ọ á mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń sọ fún wa ni pé kì í ṣe iṣu nìkan là ń gún níyán. Orúkọ yẹn ti sọ bí a ṣe ń jẹ ẹ̀gẹ́ náà kí a tó fi kan iná.

Kì í ṣe ẹ̀gẹ́ nìkan. Ní orílẹ̀-èdè Benin, àwọn onímọ̀ ti ṣàkọsílẹ̀ bí àwọn àgbẹ̀ Nàgó, ọmọ ìyá wa, àti àwọn Fọn ṣe máa ń wọ inú igbó lọ wa iṣu igbó, tí wọ́n á gbìn ín sóko, tí wọ́n á máa tọ́ ọ, tí wọ́n á máa yàn án lọ́dọọdún, títí tí yóò fi di iṣu tí èèyàn lè gbé síwájú àlejò. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2019 náà fi hàn pé agbègbè odò Ọya níhìn-ín ni wọ́n ti sọ iṣu igbó di iṣu funfun tí gbogbo wa ń jẹ. Iṣẹ́ yẹn kò tíì parí. Wọn kò kàn kà á sí ìwádìí ni, nítorí pé ẹni tó ń ṣe é kò wọ aṣọ funfun.

Láti Amani dé Ìbàdàn dé Uganda

Kí ni irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún wa? Ẹ jẹ́ ká fi àrùn tó ń ká ewé ẹ̀gẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní mosaic, ṣe àpẹẹrẹ.

Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ Áfíríkà. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Àwọn Potogí ló gbé e kọjá òkun wá ní nǹkan bí irínwó ọdún ó lé sẹ́yìn. Ìhín ló ti pàdé àrùn kan tí kò sí nílé rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa àrùn náà. Eṣinṣin funfun tín-ín-tín ló ń gbé e láti igi kan dé òmíràn, àgbẹ̀ náà sì ń bá a gbé e nígbà tó bá gé ọ̀pá lára igi tó ń ṣàìsàn. Ewé á kákò, á ní àpá tó pọ́n bí ìyeyè, ẹ̀gẹ́ ìdí rẹ̀ á sì kéré. Láti ọdún 1894 ni wọ́n ti kọ nípa rẹ̀ ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tanzania lónìí.

Ní àwọn ọdún 1930, ní ibùdó ìwádìí Amani ní Tanzania, H.H. Storey àti R.F.W. Nichols bẹ̀rẹ̀ sí í wá ojútùú. Wọn kò rí ààbò tó lágbára tó lára ẹ̀gẹ́ tó wà lọ́wọ́ wọn, ni wọ́n bá lọ sọ́dọ̀ ìbátan ẹ̀gẹ́ kan, igi kan tí wọ́n ń kọ oje rọ́bà lára rẹ̀. Wọ́n mú un bá ẹ̀gẹ́ lò pọ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí kò ta dáadáa, wọ́n bá tún mú àwọn ọmọ náà bá ẹ̀gẹ́ lò pọ̀, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ó lè máa ta bí ẹ̀gẹ́ kó sì tún lè kojú àrùn náà. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ni.

Ní àwọn ọdún 1950, díẹ̀ lára àtọmọdọ́mọ àwọn ẹ̀gẹ́ Amani dé Moor Plantation ní Ìbàdàn. Ọ̀kan nínú wọn, tí wọ́n kọ nọ́ńbà 58308 sí lára, wà níbẹ̀ tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀. Kò mú owó wọlé. Kì í ṣe òun ni àwọn àgbẹ̀ ń gbìn. Ní ọdún 1971, ọmọ Korea kan, Sang Ki Hahn, dé sí IITA, ibùdó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967. Àrùn ń ba ẹ̀gẹ́ Nàìjíríà jẹ́ nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ni ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ebi sì ń pa ọ̀pọ̀ èèyàn. Ó wá ohun tí yóò fi bẹ̀rẹ̀, 58308 ló bá nílẹ̀. Òun ló fi ṣe ìpìlẹ̀ àwọn ẹ̀gẹ́ TMS. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni TMS 30572. Nígbà tí ẹ̀gẹ́ wọ̀nyí dé oko, àwọn ará Ìkirè fi ọmọ Korea náà joyè Sèríkí Àgbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò dúró sí Nàìjíríà. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 wọ inú àwọn ọdún 1990, irú àrùn mosaic kan tó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ bẹ́ sílẹ̀ ní Uganda. Fáírọ́ọ̀sì méjì ló pàdé nínú igi kan náà tí wọ́n sì bí ẹ̀kẹta. Oko ẹ̀gẹ́ run ní àgbègbè kan tẹ̀ lé òmíràn, àwọn èèyàn sì kú sí ebi. Lára ohun tí wọ́n fi dá oko wọn padà ni TMS 30572 láti Ìbàdàn. Àwọn àgbẹ̀ Uganda sọ ọ́ ní Migyera.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ọ̀nà náà wò. Igi tí wọ́n ṣe ní Tanzania, tí wọ́n tọ́jú ní Ìbàdàn nígbà tí kò sẹ́ni tó ń bèèrè rẹ̀, ló padà lọ bọ́ ọmọ Uganda. Ká ní ọ̀gá kan ní Moor Plantation ti sọ pé, "Kí lẹ ń fi èyí ṣe? Ẹ hú u dànù, ilẹ̀ ò tó," kí ni à bá ti ṣe?

Ohun tó wà lóko wa tẹ́lẹ̀

Ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ IITA ń gba ẹ̀gẹ́ jọ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n rí àwọn kan tí àrùn mosaic kò lè ṣe nǹkan kan fún, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mú wọn bá igi rọ́bà lò pọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni TME 3, tó jẹ́ ti àgbẹ̀ Nàìjíríà. Ní ọdún 2002, wọ́n tẹ èsì ìwádìí jáde pé jíìnì kan ṣoṣo, ìyẹn àbùdá tí òbí ń fi lé ọmọ lọ́wọ́, ló ń dáàbò bò ó. CMD2 ni wọ́n pè é. Ẹyọ kan ni, ó sì lágbára: bí ọmọ bá ti rí i jogún lọ́dọ̀ òbí kan péré, ó tó o. Ohun tó ti gba Amani ní ọ̀pọ̀ ọdún ti wà ní ìdì kan lẹ́yìn ilé àgbẹ̀.

Nítorí náà ni CMD2 fi wà lára ọ̀pọ̀ ẹ̀gẹ́ tuntun tí wọ́n ń pín kiri ilẹ̀ Áfíríkà lónìí. Gbazékouté, 419 wa, náà ní i.

Nísinsìnyí, ẹ rántí ohun tí mo sọ lókè: àrùn mosaic kò sí nílé ẹ̀gẹ́ ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n kó wá kò tíì pàdé rẹ̀ rí. Ilẹ̀ wa ni ẹ̀gẹ́ àti àrùn náà ti pàdé. Ìhín náà ni ẹnì kan ti wo oko rẹ̀ tí gbogbo ewé ti kákò, tó rí igi kan tí tirẹ̀ mọ́, tó sì gé ọ̀pá rẹ̀ pamọ́. Ó lè jẹ́ bàbá kan, ó lè jẹ́ ìyá kan. Kò mọ̀ pé jíìnì wà. Ohun tó rí ló fi ṣiṣẹ́.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé oko gan-an jẹ́ ibi ìwádìí. Irúgbìn tó bá wà nínú ìgò ní yàrá tútù kò pàdé àrùn, kò pàdé ọ̀dá, kò sì sí ẹni tó ń yàn án. Èyí tó wà lóko ló ń bá ayé yí.

Igi kan kì í dá igbó ṣe

Bí a bá wá ní jíìnì tó dára tó báyìí, kí ló dé tí mo ń pariwo?

Nítorí pé igi kan kì í dá igbó ṣe. Bí gbogbo ẹ̀gẹ́ tí a ń pín bá gbára lé ààbò kan náà, ọjọ́ tí fáírọ́ọ̀sì bá rí ọ̀nà gba ẹ̀yìn rẹ̀, gbogbo oko ló máa rí i lọ́jọ́ kan náà. Àmì ti wà pé ààbò yìí kì í ṣe àpáta. Ní 2016, àwọn onímọ̀ jábọ̀ pé nígbà tí wọ́n fi ọ̀nà kan tún irú àwọn ẹ̀gẹ́ yìí dá láti inú èérún ara wọn ní láàbù, ààbò CMD2 pòórá lára wọn. Ilẹ̀ kan náà sì ni ìwádìí yẹn àti ti 2022, tó tọ́ka sí ìyípadà kékeré kan nínú jíìnì náà, ń fi hàn wá: ohun kékeré ló gbé wa ró.

Yàtọ̀ síyẹn, CMD2 kò dáàbò bo ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ gbogbo àrùn. Àrùn mìíràn wà ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, brown streak ni wọ́n ń pè é. Láti 1936 ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n létí òkun ibẹ̀, àmọ́ láti bí ogún ọdún sẹ́yìn ló ti ń wọ àárín ilẹ̀ lọ. Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ló ní. Ewé lè máa tutù yọ̀yọ̀, igi lè dúró dáadáa, kí àgbẹ̀ tó wa ẹ̀gẹ́ tó bá a pé ó ti jẹrà nínú, ó le, ó sì dúdú, tí ẹran pàápàá kò lè jẹ ẹ́. Uganda tó jáde nínú mosaic tún bọ́ sọ́wọ́ èyí, nítorí pé ẹ̀gẹ́ tó gbà wọ́n lọ́wọ́ àkọ́kọ́ kò lè gbà wọ́n lọ́wọ́ ìkejì.

Nàìjíríà ló ń ṣe ẹ̀gẹ́ jù lọ lágbàáyé. Gààrí ni ẹni tí kò lówó ń gbẹ́kẹ̀ lé ní Èkó, ní Cotonou àti ní Lomé. Àtíẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń jẹ ní Abidjan. Bí brown streak bá dé ọ̀dọ̀ wa, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ nìkan mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ ìwádìí WAVE, tí olú ilé iṣẹ́ wọn wà ní Côte d'Ivoire, tí ẹ̀ka wọn ní Nàìjíríà sì wà ní Yunifásítì Covenant ní Ọ̀tà, fi ń lọ láti oko dé oko láti ṣọ́ ọ.

Ibo ni wọ́n ti rí ẹ̀gẹ́ tó lè kojú brown streak dáadáa? Inú ilé ìṣúra irúgbìn kan ní Colombia ni, níbi tí wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀gẹ́ Gúúsù Amẹ́ríkà sí. Ìwádìí tó jáde ní 2019 ló fi hàn. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ náà ló gbin ẹ̀gẹ́ wọ̀nyẹn kí wọ́n tó dé inú ìgò. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nígbà tí wọ́n ń kó wọn jọ pé àrùn ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n máa wúlò fún. Bí ìṣúra irúgbìn ṣe rí nìyẹn: ọjọ́ tí o bá ń tọ́jú rẹ̀, o kò mọ ohun tí o ń tọ́jú.

"Ṣebí IITA ti tọ́jú wọn?"

Ẹlòmíràn á ní, "Kí lẹ ń bẹ̀rù? Ṣebí ìṣúra yẹn wà ní Ìbàdàn." Òótọ́ ni, ó sì yẹ ká fi yangàn. Irú ẹ̀wà tó lé ní 15,000 ló wà ní ilé ìṣúra IITA, kò sí ibòmíràn láyé tó ní tó bẹ́ẹ̀. Iṣu tó wà níbẹ̀ lé ní 5,000, ẹ̀gẹ́ sì lé ní 2,000. Ìjọba Nàìjíríà náà ní tirẹ̀, NACGRAB, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1987 ní Moor Plantation kan náà.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká mọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Kóró ẹ̀wà ṣe é gbẹ, ó ṣe é kó sínú yìnyín fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀gẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí o bá fẹ́ kí Ọkọ Ìyàwó máa jẹ́ Ọkọ Ìyàwó, igi náà gan-an lo gbọ́dọ̀ máa tọ́jú, yálà lóko tàbí bí ọ̀mùnú kékeré nínú ìgò. Ẹni tó wà nídìí rẹ̀ ní láti máa gé e sínú ìgò tuntun lóòrèkóòrè. Iná mànàmáná gbọ́dọ̀ wà tọ̀sán-tòru, nítorí pé yàrá náà kò gbọdọ̀ gbóná. Gbogbo ẹni tó ń gbé ní Nàìjíríà ló mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí àti iye tí dísù ń jẹ. Bí owó bá dá fún oṣù díẹ̀, ohun tó gba àgbẹ̀ ní ìran mẹ́ta lè kú sínú ìgò láìsí ẹni tó máa gbọ́.

Ogun náà tún wà. Ilé ìṣúra irúgbìn ńlá kan, ICARDA, wà nítòsí Aleppo ní Syria. Ogun lé wọn kúrò níbẹ̀. Ohun tó yọ wọ́n ni pé wọ́n ti fi ẹ̀dà irúgbìn wọn ránṣẹ́ sí Svalbard ní Norway, níbi tí wọ́n ti gbẹ́ ilé ìṣúra kan sínú òkè oníyìnyín ní 2008. Ní 2015, wọ́n lọ gbà á padà, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Àmọ́ kóró ni Svalbard ń gbà. Kò gba ọ̀pá ẹ̀gẹ́, kò gba èbù iṣu. Oúnjẹ wa gan-an kò lè wọ inú òkè yẹn.

Òfin mọ ẹni tó ṣe tuntun, kò mọ ẹni tó tọ́jú

Ní 2021, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹni tó bá ṣe irúgbìn tuntun ní Nàìjíríà. Togo, Benin àti Côte d'Ivoire ti wà nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ lábẹ́ OAPI, tó dara pọ̀ mọ́ àjọ UPOV ní 2014. Èmi kò lòdì sí i pé kí ẹni tó lo ọdún mẹ́wàá lórí irúgbìn rí èrè iṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ni.

Àmọ́ irú òfin báyìí máa ń béèrè pé kí irúgbìn jẹ́ tuntun, kó yàtọ̀, kó rí bákan náà látòkèdélẹ̀, kó má sì máa yí padà. Irúgbìn ìran kì í ṣe tuntun, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí bákan náà. Nítorí náà, àgbẹ̀ tí òbí rẹ̀ tọ́jú irúgbìn fún ọgọ́rin ọdún kò lè mú un wá fún ìforúkọsílẹ̀. Ẹni tó mú un lọ́wọ́ rẹ̀, tó fi ṣe òmíràn, lè forúkọ tirẹ̀ sílẹ̀. Àdéhùn àgbáyé lórí irúgbìn oúnjẹ, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2001, sọ ọ́ kedere ní abala kẹsàn-án pé ìjọba orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ni ojúṣe láti dáàbò bo ẹ̀tọ́ àgbẹ̀. Ojúṣe yẹn ni mo fẹ́ kí ìjọba wa mú ṣe pẹ̀lú ìtara kan náà tí wọ́n fi ṣe òfin fún àwọn ilé iṣẹ́.

Ohun tó yẹ ká ṣe

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: ẹ̀gẹ́ àtijọ́ kì í ta tó ti tuntun, ebi sì ń pa ará ìlú. Òótọ́ ni. Bí TMS bá ń ta ìlọ́po méjì, kí àgbẹ̀ gbin TMS. Èmi kò sọ pé kí ìyá àgbà di ẹ̀ṣọ́ ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kí ó máa gbin ohun tí kò mówó wá nítorí pé onímọ̀ lè nílò rẹ̀ lọ́la. Ẹni tó bá ń tọ́jú nǹkan fún gbogbo wa, ó yẹ kí gbogbo wa sanwó rẹ̀. Ohun mẹ́rin ni mo ń béèrè.

Èkíní, kí ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí àjọ èyíkéyìí má ṣe pín ọ̀pá ẹ̀gẹ́ tuntun ní ìjọba ìbílẹ̀ kan láìkọ́kọ́ gba ti àtijọ́ jọ níbẹ̀. Kí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀gẹ́ náà sílẹ̀ ní èdè ibẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn. Kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe, àti orúkọ ẹni tó fún wọn bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀. Mọ́tò tó kó tuntun lọ lè kó àtijọ́ bọ̀.

Èkejì, kí owó ilé ìṣúra irúgbìn ìjọba àpapọ̀ máa wà nínú ìṣúná lọ́dọọdún, kí ó sì jáde lásìkò, pàápàá owó iná. Kò yẹ kó jẹ́ àlejò ni yóò máa bá wa tọ́jú èbù wa.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n yan abúlé díẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan níbi tí àwọn àgbẹ̀ tó bá fẹ́ yóò ti máa gbin irúgbìn ìran ní ìlà díẹ̀ lóko wọn, kí wọ́n sì máa gba owó ìtọ́jú. Ibẹ̀ ni irúgbìn yóò ti máa pàdé àrùn àti ọ̀dá ọdún yìí, kì í ṣe ti ogójì ọdún sẹ́yìn. Bí igi kan bá dá yàtọ̀, kí onímọ̀ wà nítòsí tí àgbẹ̀ lè pè.

Ẹ̀kẹrin, kí a kọ ọ́ sínú òfin láìsí àdììtú pé àgbẹ̀ kékeré lè tọ́jú irúgbìn, lè gbìn ín padà, lè fún ará àti ojúlùmọ̀ rẹ̀, bí a ṣe ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Kí ọ̀nà sì ṣí láàárín Nàìjíríà, Benin, Togo àti Ghana fún pípààrọ̀ irúgbìn tí wọ́n ti yẹ̀ wò pé kò ní àrùn. Ká ní Gbazékouté kò lè kọjá ẹnubodè, 419 kò bá má dé ọ̀dọ̀ wa.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ̀gẹ́ tuntun láṣọ. Inú àkísà àgbà ni a ti rí CMD2.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bóyá Ìṣẹ́yìn lẹ wà tàbí Kétu, Lomé tàbí Abidjan, mo ní iṣẹ́ kékeré kan fún yín. Nígbà tí ẹ bá tún pe ìyá tàbí bàbá yín lórí fóònù, ẹ bi wọ́n pé orúkọ ẹ̀gẹ́ mélòó ni wọ́n mọ̀, àti pé mélòó nínú wọn ló ṣì wà lóko. Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀. Bí ẹ bá rí èyí tó jẹ́ pé oko ẹnì kan ṣoṣo ló kù sí, ẹ bẹ onítọ̀hún kó gé ọ̀pá díẹ̀ fún aládùúgbò rẹ̀ kí òjò tó ń bọ̀ tó dé.